Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Yan Tọ́ọ̀ṣì Ọdẹ

Ọdẹ ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ sì ni bàbá tó bí i. Abúlé wa wà ní ọ̀nà Datcha, ní agbègbè Atakpamé, láàárín àwa ọmọ Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Aná. Àgbẹ̀ náà ni mí. Mo ń gbin àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì àti píìlì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Díẹ̀ ló kù kí tọ́ọ̀ṣì kan sọ mí di apànìyàn.

Bàbá mi kò lo tọ́ọ̀ṣì. Fìtílà kábáàdì ni ó máa ń dè mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí rẹ̀. Kábáàdì dà bí òkúta, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Wọn á kó o sí ìsàlẹ̀ fìtílà, wọn á da omi sí òkè. Bí omi bá ń kán sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gáàsì kan yóò jáde. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Gáàsì yẹn ni iná ń jó. Iná náà funfun, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà. Bàbá mi ní láti rọra sún mọ́ ẹran kí ó tó lè yìnbọn. Nígbà tí yóò bá fi sún mọ́ ọn, ó ti mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ọ̀yà ni.

Bàbá mi máa ń sọ fún mi pé: "Ẹni tó rí ojú kò tíì rí ẹran." Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí.

Nígbà tí èmi náà di ọdẹ, tọ́ọ̀ṣì onírin ni mo kọ́kọ́ ń lò. Píìlì mẹ́ta ló ń gbé. Ampúùlù kékeré kan ló wà ní orí rẹ̀. Iná rẹ̀ pupa bí epo, ó sì tètè máa ń rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì oníná LED dé ọjà wa. Iná rẹ̀ funfun gan-an. Kì í jẹ píìlì púpọ̀. Láìpẹ́, gbogbo abúlé ti ń lò ó. Fìtílà kábáàdì di ohun tí a fi kọ́ ògiri.

Ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí mo ta àgbàdo mi, mo lọ sí ọjà Atakpamé láti ra tọ́ọ̀ṣì tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á fi ọ̀kan hàn mí. Orí rẹ̀ tóbi bí abọ́ ọbẹ̀. Ó ní: "Bàbá, èyí lọ tó mítà 350. Ó kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀." Èmi kò mọ ìwé nígbà náà. Ó ná ìka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo kàn mi orí. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì náà sí òkè tó wà níwájú wa. Ìmọ́lẹ̀ náà lọ tààrà, ó bà lé ara òkúta lókè lọ́hùn-ún. Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Ẹran wo ló tún lè sá mọ́ mi lọ́wọ́?"

Píìlì ńlá mẹ́ta ni tọ́ọ̀ṣì náà ń lò. Owó mi kò tó mọ́. Mo ra píìlì tuntun méjì péré. Mo rò pé n ó fi píìlì àtijọ́ kan tó wà nílé kún un. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde. Kò sí òṣùpá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì mi sí ọ̀nà jíjìn. Mo rí ojú méjì tó ń tàn bí iná, ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá oko kan. Ojú náà kò mì. Mo ní, "Ẹtu ni." A rọra ń lọ. Nígbà tí ó kù bí ogójì ìṣísẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó rẹ̀ díẹ̀, ó tún rẹ̀ sí i. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ní bí n kò bá yìnbọn báyìí, tọ́ọ̀ṣì yóò kú, ẹran yóò sì lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: "Bàbá kékeré, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa." N kò gbọ́. Mo yìnbọn.

Igbe ajá ni mo gbọ́. Lẹ́yìn igbe ajá, mo gbọ́ igbe ènìyàn.

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Mo sáré lọ síbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó ń ṣọ́ oko rẹ̀. Ó kọ́ àtíbàbà kékeré kan, ó sùn sí abẹ́ rẹ̀. Ajá rẹ̀ dùbúlẹ̀ níwájú àtíbàbà náà. Ajá yẹn ni mo pa. Ọta mẹ́ta wọ inú òpó àtíbàbà náà. Mo fi ọwọ́ mi kà wọ́n. Láti orí ibi tí bàbá náà gbé orí lé títí dé ibi tí ọta wà, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ewé. Bàbá náà kò lù mí, kò sì bú mi. Ó jókòó ti ajá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá sọ pé: "Ìmọ́lẹ̀ rẹ rí ojú ajá mi. Kò rí èmi."

Ní òwúrọ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà ọdẹ. N kò dúró kí ẹnikẹ́ni fi ẹjọ́ mi sùn. Wọ́n ní kí n gbé ìbọn mi kọ́ ògiri fún ọdún kan. Wọ́n ní kí n lọ tún oko bàbá náà ro. Bàbá náà kọ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ajá wa bímọ, mo mú ọmọ ajá kan lọ fún un, ó sì gbà á.

Ọdún tí mo gbé ìbọn kọ́ ògiri ni mo wọ kíláàsì àwọn àgbà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kà ni páálí tọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo ṣì ní i nílé. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó tàn mí jẹ.

Nígbà tí mo mọ nọ́ńbà dáadáa, mo rí 350 m lára páálí náà. Ọmọ ọlọ́jà náà kò purọ́. Mo gbé páálí náà lọ bá olùkọ́ wa. Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ìlànà kan lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Wọ́n á fi píìlì tuntun sínú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kéré tó bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òpin rẹ̀. Nítorí náà, bí páálí bá sọ pé mítà 350, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní mítà 350, ohun tí ìwọ yóò rí kò ju ohun tí òṣùpá ń fi hàn ọ́ lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ta ni nínú yín tó lè yìnbọn sí ohun tí ó rí nínú òṣùpá láìmọ ohun tí ó jẹ́? Òṣùpá ń sọ fún ọ pé ohun kan wà níbẹ̀. Kò sọ fún ọ pé ajá ni tàbí ẹtu ni, ọmọ ènìyàn ni tàbí kùkùté igi ni.

Olùkọ́ wa tún ní bí a bá sún mọ́ nǹkan dé ìdajì ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá sún mọ́ ọn dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, yóò di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti rí ọ̀nà kan tó rọrùn. Mo máa ń bo nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára páálí mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìka mi. 350 yóò di 35. 200 yóò di 20. Ibi tí mo ti lè mọ nǹkan dájú nìyẹn. Ju ibẹ̀ lọ, mo kàn ń rí ojú ni.

Kí ló dé tí ojú ẹran fi ń tàn? Awọ kan wà lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀ ẹran tó ń rìn lóru. Ó ń dán bíi jígí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ ojú wọn, awọ yẹn á dá a padà. Ẹtu ní i, ajá ní i, ewúrẹ́ ní i, màlúù ní i. Ènìyàn kò ní i. Ìdí nìyẹn tí ojú bàbá yẹn kò fi tàn sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí: lóru, ẹran ni ojú rẹ̀ máa ń tàn. Ẹni tó sùn tì í, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò ní tàn. Òkùnkùn ni ẹ ó rí níbẹ̀.

Wàyí o, bí ẹ bá fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì, ohun tí mo ń wò nìyí.

Mo ń wo abọ́ dídán tó yí iná ká. Bí ó bá jìn tí ó sì ń dán bíi jígí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́, yóò lọ jìnnà. Bí kò bá jìn, tàbí tí ara rẹ̀ rí sákasàka, ìmọ́lẹ̀ yóò tàn káàkiri nítòsí. Ọdẹ nílò méjèèjì. Èyí tó ń lọ jìnnà kò ní fi paramọ́lẹ̀ tó dùbúlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ hàn ọ́. Paramọ́lẹ̀ kì í sá. Ó máa ń dúró de ẹsẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan dání fún ọ̀nà. Bí ti ńlá bá kú, òun náà ni yóò mú mi délé.

Mo ń wo rọ́bà tó wà ní ìdérí rẹ̀. Bí rọ́bà kò bá sí, omi òjò yóò wọ inú rẹ̀. Mo ń tan án, mo ń pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, níwájú ẹni tó ń tà á. Bí ibi tí a ń tẹ̀ bá rọ̀ jù, yóò tan ara rẹ̀ nínú àpò, píìlì yóò tán kí n tó dé oko. Mo sì máa ń fi sọ́kàn pé nígbà ọyẹ́ tàbí nígbà kùrukùru, iná tó lágbára jù máa ń padà sí ojú ẹni tó mú un dání. Ojú wa náà, bí iná bá ti wọ̀ ọ́, ó máa ń gbà tó bí ìdajì wákàtí kí ó tó mọ òkùnkùn wò dáadáa.

Nípa ti píìlì, ẹ kọ́kọ́ kà á. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Lára píìlì ńlá, ẹ ó rí R20. Lára èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ẹ ó rí R6. Bí L bá wà níwájú R, bíi LR20, ó jẹ́ irú èyí tó máa ń pẹ́ jù. Owó rẹ̀ ga jù, ṣùgbọ́n ní alẹ́ gígùn, òun ló sàn. Ẹ ó rí 1,5 V. Agbára píìlì kọ̀ọ̀kan nìyẹn nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Ẹ ó rí àmì + àti àmì −. Bí ẹ ṣe rí i nínú tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tò ó. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó tún rí oṣù àti ọdún. Bí ọdún yẹn bá ti kọjá, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ẹ má ṣe da píìlì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ohun tí mo ṣe ní ọdún 2016 nìyẹn. Píìlì tó ti rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dákú, yóò sì fa àwọn tuntun náà sẹ́yìn. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ru igi kan, tí ọ̀kan kò ní okun, igi náà yóò wó lulẹ̀. Iná tó ń rẹ̀ ló mú mi kánjú. Bí mo bá ti ra píìlì kẹta, bóyá n kò bá ti dúró, kí n wò ó dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sá píìlì sí oòrùn kí ó lè tún jí. Òótọ́ ni pé ó máa ń jí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ìkarahun píìlì lásán, síńkì ni. Bí píìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni síńkì yẹn ń jẹ, tí ó ń fẹ́lẹ́. Bí ó bá lu, omi inú rẹ̀ yóò jáde, yóò sì ba irin tọ́ọ̀ṣì jẹ́. Nítorí náà, bí mo bá dé láti oko tí n kò ní jáde mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, mo máa ń yọ píìlì mi.

Nísinsìnyí, tọ́ọ̀ṣì tó ń gba iná mànàmáná tàbí iná oòrùn pọ̀ lọ́jà. Ó dára, nítorí kò ní jẹ́ kí a máa ra píìlì lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára. Píìlì náà kò ju ìka ńlá lọ. Irú píìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, èyí tó dára gan-an kì í ju bí 3500 tàbí díẹ̀ lé lọ. Ẹni tó kọ 9900, irọ́ ló kọ. Ìwé kíkà dára, ẹ̀yin ará mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ ni òótọ́. Irú píìlì yẹn tún lè gbiná bí ó bá ya tàbí bí ó bá gbóná jù. Ẹ má ṣe gbé e sí oòrùn, ẹ má sì fi sílẹ̀ láti gba iná níbi tí ọmọ sùn sí.

Píìlì tó ti kú, ẹ má ṣe jù ú sínú odò, ẹ má ṣe jù ú sínú iná. Ẹ má ṣe fọ́ ọ láti fi dúdú inú rẹ̀ kun pátákó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Èmi ní agolo kan tó ní ìdérí nílé. Ibẹ̀ ni mo ń kó wọn sí, jìnnà sí omi àti oúnjẹ, títí mo fi rí ẹni tó ń gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní ọdún 1968, àwọn ìjọba Áfíríkà ṣe àdéhùn kan ní ìlú Algiers nípa ilẹ̀, igi àti ẹranko. Àdéhùn náà ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan fi òfin ka ọdẹ òru léèwọ̀. Ní Tógò níbí, òfin igbó tó jáde ní ọdún 2008 wà. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, àwọn ẹran kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ pa. Kí ẹ tó ra tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn aṣọ́gbó ìjọba. Ẹ béèrè ohun tí a gbà láyè àti ohun tí a kò gbà. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èmi fúnra mi kì í yìnbọn lóru mọ́. Ojúmọmọ ni mo ń dẹ ọdẹ. Lóru, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ oko mi, mo sì ń fi wá ewúrẹ́ tó sọnù. Tọ́ọ̀ṣì tí mo rà ní ọdún 2016 náà ni mo ṣì ń lò. Òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti oko bọ̀ ní alẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí iwájú. Ojú méjì tàn sí mi láti ẹ̀bá ọ̀nà. Mo dúró. Mo yí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, mo sì ké pé: "Ta ló wà níbẹ̀ o?"

Ajá gbó. Láti inú òkùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn bàbá àgbàlagbà yẹn: "Èmi ni. Ẹ kú alẹ́ o, ọdẹ."